Fọ́tò yíyà fún ẹni tó kàn fẹ́ràn rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn, láti ojú lẹ́ǹsì dé inú férémù

Ẹni tó ń ya fọ́tò nítorí pé ó wù ú la kọ èyí fún, kì í ṣe ẹni tó fi ń jẹun. A sì kọ ọ́ fún ẹni tó ń yà á nílẹ̀ Yorùbá: lábẹ́ kánọ́pì búlúù, nínú gbọ̀ngàn tí jẹnẹrétọ̀ ń tan iná rẹ̀, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò.

Ṣé fóònù tó, àbí dandan ni kámẹ́rà?

Fóònù tó láti fi kọ́ bí a ṣe ń wo ìmọ́lẹ̀. Nu lẹ́ǹsì rẹ̀ kí o tó yà á. Òróró ìka ló ń jẹ́ kí iná gílóòbù ràn káàkiri bí ẹni pé èéfín wà níbẹ̀. Má fi ìka fa àwòrán sún mọ́ra. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, gígé ni ó ń gé e, kò sún mọ́ nǹkan kan. Fi ẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ẹni tí o fẹ́ yà. Tẹ ojú rẹ̀ lórí sìkírìnì, kí o sì fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ojú náà yóò fi rí bí o ṣe ń rí i.

Ibi tí fóònù ti máa ń kùnà ni ijó alẹ́, ohun tó jìnnà, àti fọ́tò tí o fẹ́ fọ̀ ní ńlá. Bí o bá ń bá ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà nígbà gbogbo, ìgbà yẹn ni kí o wá kámẹ́rà lọ.

Tòkunbọ̀ ni owó mi ká. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Mú tọ́ọ̀ṣì àti mẹ́mórì káàdì tìrẹ dání. Yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Bí o bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn tàbí gbòǹgbò tín-ín-rín nínú gíláàsì, lẹ́ǹsì náà ti bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Eruku méjì mẹ́ta kò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, dá lẹ́ǹsì padà sára kámẹ́rà, gbé nọ́ńbà f rẹ̀ (ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì) sí f/16 kí o ya ojú ọ̀run, kí o sì fẹ fọ́tò náà lójú. Àmì dúdú róbótó tó ń jókòó síbì kan náà nínú gbogbo fọ́tò jẹ́ eruku orí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà, ó sì ṣeé nù. Béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ti ṣí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń kọ ọ́ sára fáìlì fọ́tò, àwọn ojú-ìwé kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa kà á jáde fún ọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olùbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣọ́tà rẹ̀ fún nǹkan bí 100,000. Èyí tó ti ya 90,000 kò tíì kú, àmọ́ kí ó hàn nínú iye tí wọ́n ń pè é.

Kámẹ́rà àtijọ́ tó ní lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ra) yóò ya ojú ènìyàn dáadáa ju kámẹ́rà tuntun tó ní lẹ́ǹsì 18–55mm tó bá a wá nínú páálí lọ. Ṣùgbọ́n mọ èyí: lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, 50mm ń rí bí 75mm tàbí 80mm. Nínú pálọ̀ kótópó, ẹ̀yìn rẹ yóò ti kan ògiri kí ènìyàn mẹ́rin tó wọlé sínú fọ́tò. Bó bá jẹ́ inú ilé lo ti ń yà jù, 35mm ni kí o rà.

Kí ni nọ́ńbà f, ṣọ́tà àti ISO ń bá ara wọn ṣe?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pinnu bí fọ́tò yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó, ẹ̀yìn ẹni tí o ń yà á sì máa ṣe bàìbàì. Ṣọ́tà ni iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé; 1/250 ni ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá pẹ́ jù, ohun tó ń rìn á fà. ISO ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sókè, àmọ́ bó bá ti pọ̀, fọ́tò á máa ní yanrìn-yanrìn.

Láti f/2.8 sí f/4 jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì. 1/250 sí 1/500 náà, ìgbésẹ̀ kan. ISO 200 sí 400, ìgbésẹ̀ kan, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ f/4, 1/250 àti ISO 200 ló dára lábẹ́ ìbòòji, tí ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, gbé ṣọ́tà sí 1/500, kí o gbé ISO sí 400. Ìmọ́lẹ̀ kò yí padà.

Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ń fẹ́ 1/125; ọmọdé, 1/250; oníjó, 1/500; ẹṣin tó ń sáré wọ pápá Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, 1/1000. Ẹnì kan ṣoṣo lè gba f/2, ṣùgbọ́n ẹbí tó tò sí ìlà mẹ́ta ń fẹ́ f/5.6 tàbí f/8. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 50mm ni pé f/1.8 ni yóò máa lò nígbà gbogbo. Bí o bá dúró ní mítà kan ààbọ̀ sí ènìyàn, lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ni yóò mọ́ kedere. Ojú lè mọ́, kí etí ti di kùrukùru. Bó bá sì jẹ́ pé imú ni kámẹ́rà mú, ojú náà ti lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí ojú ènìyàn mi fi ń ṣókùnkùn níbi àríyá, tó sì ń rí bí eérú nígbà mìíràn?

Kámẹ́rà kò mọ ojú, kò mọ aṣọ. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà, ó sì gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, irú èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Fi léèsì funfun kún inú fọ́tò, yóò ní “èyí ti mọ́lẹ̀ jù”, yóò rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: léèsì di eérú, ojú di òru. Fi bàbá tó wọ agbádá ẹtù dúró níwájú ògiri dúdú, yóò ní “èyí ti ṣókùnkùn jù”, yóò gbé e sókè: ẹtù ṣá, ara bàbá sì rí bí ẹni tí kò fi ìpara.

Ìwọ ni kí o sọ fún un. Wá bọ́tìnì tó ní àmì + àti −. Funfun ló pọ̀? Gbé e sí +2/3 títí dé +1⅓. Dúdú ló pọ̀? −1/3 sí −2/3. Sányán àti àǹkárá tó kún fún oríṣiríṣi àwọ̀ kì í sábà fẹ́ àtúnṣe. Bí kámẹ́rà rẹ bá lè ka ibi kékeré kan ṣoṣo, jẹ́ kó ka ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà fà á sẹ́yìn díẹ̀ bí awọ ẹni náà bá dúdú gan-an, nítorí pé eérú náà ni yóò fẹ́ sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà.

Ẹ̀bi yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí fíìmù ṣì wà lóde, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi mọ̀ bí àwọ̀ ṣe gúnlẹ̀. Orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, Shirley, ni wọ́n fi ń pe káàdì náà. Awọ dúdú kò sí nínú ìṣirò.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Awọ dúdú máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó le, bí oòrùn ọ̀sán tàbí fíláàṣì tó kọjú síni, ń fi àmì funfun kan sí iwájú orí, ó sì fi ìyókù ojú sínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ńlá tó rọ̀, láti ẹ̀gbẹ́, ló ń fi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ṣe rí hàn. Gbé ẹni náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ṣí, tàbí sí ìbòòji tó kọjú sí ògiri ńlá tí wọ́n kùn ní funfun. Aṣọ ìbùsùn funfun tí ẹnì kan nà dání ní ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣiṣẹ́ tó rìfílẹ́kítọ̀ olówó ńlá. Kí áńkáṣíìfù sì wà lápò fún òógùn.

Lábẹ́ kánọ́pì, gbogbo ènìyàn di búlúù. Kí ni ṣíṣe?

Aṣọ kánọ́pì ni oòrùn gbà kọjá, àwọ̀ rẹ̀ ló bà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè tún un ṣe tán, torí ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà lójú ẹni náà: búlúù láti òkè, funfun láti ìta. Bí o bá yọ búlúù kúrò lórí gèlè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú síta á pọ́n bí ọsàn. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún wá sí etí kánọ́pì, kí wọ́n kọjú síta, kí ìwọ dúró níta. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni. Bí wọn kò bá lè dìde, sọ ọ́ di dúdú àti funfun, má jà á níyàn.

Nínú gbọ̀ngàn, ìlà dúdú ń dábùú fọ́tò mi. Ṣé kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Iná gbọ̀ngàn ló ń ṣẹ́jú. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú ní 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ṣọ́tà 1/500 rí i. Gbé e sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà náà á pòórá. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń fún iná lágbára, ó lè máa yára tàbí kó máa falẹ̀ bí ẹrù ṣe ń pọ̀ lórí rẹ̀, ìlà á sì máa yọjú díẹ̀. Gbìyànjú 1/80 àti 1/125 pẹ̀lú. Oníjó á fà díẹ̀ ní 1/100. Dúró de ìgbà tó bá dá ẹsẹ̀ dúró, tí wọ́n ń ná an lówó.

Fíláàṣì tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Yí orí rẹ̀ sí àjà ilé bí àjà bá funfun tí kò sì ga ju nǹkan bí mítà mẹ́ta lọ. Àjà aláwọ̀ ewé á sọ gbogbo ènìyàn di ewé. Má gbé ṣọ́tà kọjá 1/200 lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan fọ́tò á dúdú. Ṣọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé kí fíláàṣì tó tàn.

Àwọn àgbà ń ní kí n má gé ẹsẹ̀ àwọn. Ṣé mo gbọ́dọ̀ yà wọ́n ní odindi?

Yà wọ́n ní odindi lákọ̀ọ́kọ́. Fọ́tò ìjókòó nílẹ̀ Yorùbá ní òfin tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: àgbà á jókòó gbágbágbá, á kọjú síwájú, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, aṣọ á tàn kalẹ̀, bàtà á hàn. Iyì ló wà níbẹ̀. Dúró lọ́nà jíjìn, kí lẹ́ǹsì rẹ wà ní ìwọ̀n àyà ẹni tó jókòó, kì í ṣe ìwọ̀n ojú rẹ níbi tí o dúró sí. Ẹni tí a yà láti òkè máa ń kúrú. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á jẹ́ kí o sún mọ́ ojú wọn.

Àwọn onífọ́tò àtijọ́ wa mọ̀ pé fọ́tò kì í ṣe ṣeréṣeré. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún máa ń fọ fọ́tò ìbejì tó wà láàyè ní ẹ̀ẹ̀mejì sínú ìwé kan náà, kí èyí tó ti kú lè jókòó ti èkejì rẹ̀.

Kí ni kí n máa yà kí n lè tètè mọ̀ ọ́n?

Ohun kan ṣoṣo, léraléra. Onífọ́tò J.D. ’Okhai Ojeikere (1930–2014) bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì kó àwòrán irun tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún jọ. Ẹ̀yìn orí ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ní dúdú àti funfun, láìsí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀. Mú ilẹ̀kùn àtijọ́ àdúgbò rẹ, tàbí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ohun tí ò ń yà kò bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ ni ojú rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí.

Ta ni mo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Òbí ọmọ, nígbà gbogbo. Ọlọ́jà, kí, kí o sì ra nǹkan kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Níbi Egúngún, atọ́kùn ni kí o bá sọ̀rọ̀. Orò kì í ṣe ohun tí à ń yà, ó parí síbẹ̀. Bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá àti ibi tí ọmọ ogun wà lójú ọ̀nà: fi kámẹ́rà sínú àpò, fóònù náà.

Báwo ni mo ṣe lè gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ọyẹ́ àti òjò?

Nínú ọyẹ́, má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta. Bí eruku bá bà lé gíláàsì, fi rọ́bà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ kúrò kí o tó fi aṣọ kàn án. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Ẹni tó fi ẹ̀wù nu eruku ọyẹ́ ti fi iyanrìn ha lẹ́ǹsì rẹ̀.

Ìgbà òjò ló léwu jù, torí ọ̀rinrin ni lẹ́ǹsì fi ń bu, pàápàá èyí tó wà nínú àpò aláwọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ra ike oúnjẹ tó ní ìdérí rọ́bà tó pa dé pinpin, fi silica gel sínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ṣùgbọ́n kí ó pọ̀ tó 100 gíráàmù, kí ó sì jẹ́ èyí tó ń pa àwọ̀ dà. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí, ó ti mu omi yó. Yan án nínú ààrò ní 120°C fún wákàtí méjì, ó tún di ọ̀tun. Bí o bá ń ti yàrá AC jáde sínú ooru, lẹ́ǹsì á làágùn. Fi kámẹ́rà sínú ọ̀rá tó pa dé kí o tó jáde, kí o sì dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí o tó ṣí i.

Káàdì mi ní fọ́tò kò sí mọ́. Ṣé ó ti parí?

Bóyá rárá, bí o bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Má ya fọ́tò mìíràn sórí rẹ̀. Fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, kí o sì lo PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tó sọnù, ọ̀fẹ́ ni. Fi ohun tó bá rí pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe sórí káàdì náà. Káàdì ayédèrú ló sábà ń fà á: wọ́n kọ 128 GB sí i lára, 8 GB ló wà nínú rẹ̀, ohun tó kọjá ìyẹn á dòfo. Ọjọ́ tí o bá rà á ni kí o fi H2testw, ètò tó ń wọn bí àyè káàdì ṣe tó, dán an wò lórí Windows, kí ọjọ́ ìpadà má tíì kọjá.

RAW àbí JPEG? Ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

JPEG ni fáìlì tí kámẹ́rà ti tún ṣe, tó sì ti fún pọ̀; RAW ni ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí gan-an. JPEG ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-14 bit ní 16,384. Ìyàtọ̀ yẹn kò hàn nínú fọ́tò tó dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó hàn nígbà tí o bá fẹ́ gbé ojú jáde nínú òkùnkùn: JPEG á fọ́ sí kéékèèké, RAW á gbà. Bí àyè káàdì bá wà, RAW.

Darktable àti RawTherapee jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Snapseed jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù. Èyíkéyìí tí o bá lò, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò, lẹ́yìn náà ibi tó mọ́ jù (léèsì) kí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí o tó gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀. Bí o bá gbé e jù, dúdú á di eérú. Awọ dúdú tí a gbé sókè máa ń pọ́n jù. Dín agbára àwọ̀ ọsàn kù ní 5 sí 10, ara á padà bọ̀ sípò. Gígé etí àti mímú kí fọ́tò mú kedere ló kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó ń dán ara? Pa tàbùkù ọjọ́ mélòó kan rẹ́, bí irorẹ́. Ilà, àpá àti tàdáwà, fi wọ́n sílẹ̀ àyàfi bí ẹni tó ni ojú bá ní kí o yọ ọ́. Àwa ò fara mọ́ bíbó ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ àwọ̀ rẹ̀ nínú dígí.

Ní ilé ìfọfọ́tò, ó dúdú, wọ́n sì gé orí gèlè kúrò. Ta ló jẹ̀bi?

Sìkírìnì rẹ ló jẹ̀bi dúdú. O ṣí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tán, fọ́tò rí mọ́lẹ̀, ìwé kò sì ní iná nínú. Fi ìwé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkírìnì nínú yàrá tó mọ́ níwọ̀nba, dín sìkírìnì kù títí funfun méjèèjì yóò fi jọra, kí o wá ṣe àtúnṣe. Fọ ẹyọ kan ní 4×6 (íǹṣì ni) kí o tó fọ ńlá.

Ti gèlè, ìwọ̀n ìwé ni. Kámẹ́rà ń ya 3:2 (gígùn sí fífẹ̀), ó bá 4×6, 8×12 àti 12×18 mu. 8×10 kò bá a mu. Íǹṣì méjì ni wọ́n máa gé. Fóònù ń ya 4:3, òun náà kò bá 4×6 mu. Fi àyè sílẹ̀ lókè orí nígbà tí o bá ń yà á, kí o sì gé e fúnra rẹ kí o tó lọ. Fún kánfáàsì tí wọ́n máa yí igi ká, fi íǹṣì méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò rẹ̀: íǹṣì lọ́nà 300. 4×6 ń fẹ́ píksẹ̀lì (ẹyọ àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò) 1200×1800, 8×12, 2400×3600, 12×18, 3600×5400. Kámẹ́rà 24 MP, ìyẹn píksẹ̀lì mílíọ̀nù 24 (4000×6000), ká gbogbo wọn. 20×30 á jẹ́ 200 lórí íǹṣì kan, ìyẹn náà tó, torí òkèèrè ni a ti ń wo ohun tó tóbi. Fi pamọ́ ní sRGB (ètò àwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù), JPEG tó ga jù. Ìwé dídán ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù nígbà ọ̀rinrin, bí o bá sì fà á, àwọ̀ á ṣí. Sọ fún aṣeférémù kó fi páálí sáàárín wọn, tàbí kí o yan ìwé tí kò dán. Má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ọ̀sán ń bà.

Báwo ni mo ṣe lè fi ránṣẹ́ láìbàjẹ́?

Bí o bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ó máa ń fún un pọ̀; apá gígùn rẹ̀ á ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 1600 píksẹ̀lì. Ó tó fún 4×6 tí ẹnikẹ́ni ò ní wò fínnífínní, kò tó fún 8×12. Yan “Document” dípò àwòrán, odindi fáìlì á lọ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n fáìlì tó lọ bẹ́ẹ̀ ń gbé ọjọ́, orúkọ kámẹ́rà àti ibi tí o ti yà á dání bí fóònù bá ti kọ ọ́ sí i. Fífi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán ló ń yọ ọ́ kúrò. Fún fọ́tò ọmọdé ní ilé, pa ìkọ̀wé ibùdó nínú kámẹ́rà fóònù kí o tó yà á. Fún Instagram, ṣe ẹ̀dà tó fẹ̀ ní 1080 píksẹ̀lì, tó sì ga ní 1350. Bí o bá fún un ní fáìlì ńlá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín in kù, kò sì bìkítà bí léèsì ṣe máa rí.